Ẹ yéé sọ pé ẹ ò lẹ́bùn gìtá: ìṣẹ́jú ogún lójúmọ́ ni ẹ ò ní

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ó ju ọdún kan lọ tí gìtá mi fi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn nílé mi ní Táńkè, níbí nílùú Ìlọrin. Eruku ọyẹ́ bò ó, aláǹtakùn sì fẹ́ẹ̀ sọ ọ́ di ilé. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i, ojoojúmọ́ náà ni mò ń gbójú kúrò. Bí àlejò bá béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ máa ń ta gìtá ni?" màá rẹ́rìn-ín, màá ní, "Ó ti pẹ́ o, kò sáyè ni." Irọ́ ni. Àyè wà. Ohun tí kò sí ni ètò.

Ohun tó jẹ́ kí n gbé kálàmù lórí ọ̀rọ̀ yìí lónìí ni ọmọkùnrin kan tó ń gbé nínú ọgbà tí mò ń gbé. Ọmọ ọdún 16 ni. Ẹ̀gbọ́n màmá rẹ̀ ló ra gìtá fún un nígbà ọdún Iléyá. Lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ tí màmá rẹ̀ ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù pé òun fẹ́ tà á, pé ọmọ òun ò lẹ́bùn ẹ̀, pé oṣù mẹ́rin ló ti ń ṣe é tí kò lè ta orin kan ṣoṣo kó já gaara. Mo pe ọmọ náà, mo bi í pé báwo ló ṣe máa ń dánra wò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tí mi ò bá níṣẹ́ ilé ìwé lọ́jọ́ Sátidé, mo lè ta á fún wákàtí mẹ́rin." Mo ní, "Ó dáa. Sọ́ńdè sí Fúráìdé ńkọ́?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wolẹ̀.

Àánú ọmọ náà ṣe mí, nítorí èmi gan-an nìyẹn.

Nígbà tí mo ra gìtá tèmi, owó tó tó owó ilé oṣù mẹ́ta ni mo kó lé e lórí. Ìmọ̀ òfin ni mo kà ní yunifásítì, àṣà kan sì wà lára àwa tá a kọ́ òfin: a lè fi oṣù mẹ́ta ṣeré, ká wá fi ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣáájú ìdánwò ka gbogbo ìwé náà mọ́jú. A ó ki ẹsẹ̀ bọ abọ́ omi tútù kí oorun má baà gbé wa lọ. Àwọn ẹjọ́ tí mo kà lóru, mo ń kọ wọ́n sílẹ̀ nínú ìdánwò láàárọ̀, mo sì ń páàsì. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni gìtá ṣe máa rí. Gbogbo Sátidé ni mo máa ń jókòó tì í láti aago mẹ́wàá àárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán. Tó bá fi máa dìrọ̀lẹ́, orí ìka òsì mi á ti wú, okùn irin á ti gé e bí ọ̀bẹ. Sọ́ńdè, mi ò lè fọwọ́ kan gìtá. Mọ́ńdè, iṣẹ́ ti dé. Tó bá wá di Sátidé mìíràn, gbogbo ohun tí ìka mi mọ̀ ti lọ, ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ náà ni màá tún ti bẹ̀rẹ̀. Orí lè gba ẹrù lóru ọjọ́ kan. Ìka ò lè gbà á.

Mo wá olùkọ́. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní sọ ibi tó wà. Owó oṣù mẹ́ta ló gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ la máa ń ríra. Yóò ta gìtá tirẹ̀, ẹnu á yà mí, yóò wá ní kí n lọ máa dánra wò nílé. Kí ni kí n dánra wò? Fún ìṣẹ́jú mélòó? Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe, kí ló tẹ̀ lé e? Kò sọ. Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, tí mi ò tíì lè kúrò lórí kọ́ọ̀dù kan bọ́ sórí òmíràn láìdúró, ó wò mí lójú, ó ní, "Barrister, ẹ̀bùn Ọlọ́run ni nǹkan yìí o. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ní i." Mo gbé gìtá mi, mo lọ gbé e ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo gba ohun tó sọ gbọ́.

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá jà lónìí.

Mi ò sọ pé ẹ̀bùn ò sí. Ó wà. A rí ọmọ tó jẹ́ pé tó bá gbọ́ orin lẹ́ẹ̀kan, á ti mọ ibi tó ń lọ. Ṣùgbọ́n nínú òfin, a kì í dájọ́ ká tó gbọ́ ẹ̀rí. Ẹni tó fọwọ́ kan gìtá ní ọjọ́ 12 péré láàárín oṣù mẹ́ta, ẹ̀rí wo la fẹ́ fi sọ pé kò lẹ́bùn? Ẹni tí kò tíì dánra wò létòlétò fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ẹjọ́ rẹ̀ kò tíì dé iwájú adájọ́ rárá. Ká tó mẹ́nu kan ẹ̀bùn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè ètò.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ó yẹ kí àwa ará Ìlọrin mọ̀ ju báyìí lọ. Ọ̀pọ̀ wa tá a dàgbà nílùú yìí la gba ilé kéwú kọjá. Ẹ jẹ́ ká rántí bó ṣe máa ń rí. Àáfáà á kọ ẹsẹ díẹ̀ sára wàláà, pákó pẹlẹbẹ yẹn. Kì í kọ odidi súrà gígùn lé ọmọ kékeré lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan. Ọmọ á jókòó, á máa kà á sókè, á máa mi ara síwá sẹ́yìn. Tó bá dọ̀la, á tún kà á. Tí kò bá tíì mọ̀ ọ́n, wọn ò ní fọ wàláà náà. Ìgbà tó bá mọ̀ ọ́n tán, tó kà á létí Àáfáà láìṣìṣe, ìgbà yẹn ni wọ́n á tó fọ̀ ọ́, tí wọ́n á kọ tuntun sí i. Síbẹ̀, wọn ò ní jẹ́ kó gbàgbé ti àtẹ̀yìnwá: á máa padà sẹ́yìn, á máa tún un kà. Bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ tí kò gbọ́ Lárúbáwá tẹ́lẹ̀ á di ẹni tó ń ka Kùránì. Lọ́jọ́ wòlímọ́tù rẹ̀, ẹran á kú, ìdílé á yọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ mú un wá sí ilé kéwú, kò sẹ́ni tó béèrè pé ṣé ọmọ yìí lẹ́bùn. Ohun tí Àáfáà máa ń béèrè lójoojúmọ́ ni pé, "Ṣé ó wá lónìí?"

Òfin mẹ́ta ló wà nínú wàláà yẹn. Àkọ́kọ́, iṣẹ́ ọjọ́ kan kì í pọ̀. Ìkejì, a kì í kọjá lórí ohun tí kò tíì dúró. Ìkẹta, ti àná kò gbọdọ̀ sọnù. Àwọn ọmọ Àyàn náà mọ òfin yìí: wọn kì í kọ́kọ́ gbé ìyáàlù kọ́ ọmọ lọ́rùn, ìlù kékeré ló ń tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nípa gìtá kò ju òfin mẹ́ta yìí lọ.

Kẹ́nikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn bàbá wa nìkan nìyí. Ní ọdún 1978, àwọn oníwádìí méjì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Alan Baddeley àti D. J. A. Longman, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe máa fi ìka tẹ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Wọ́n pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́rin. Ọ̀wọ́ kan ń fi wákàtí kan péré kọ́ṣẹ́ lójúmọ́; ọ̀wọ́ tí tiwọn pọ̀ jù ń fi wákàtí mẹ́rin ṣe é. Nígbà tí wọ́n ṣírò ẹ̀, àwọn oníwákàtí kan lo nǹkan bíi wákàtí 35 lápapọ̀ kí wọ́n tó mọ ojú ẹ̀rọ náà. Àwọn oníwákàtí mẹ́rin lo nǹkan bíi 50. Iṣẹ́ kan náà ni o. Ṣùgbọ́n ibi tó pa mí lẹ́rìn-ín nìyí: àwọn oníwákàtí kan yìí ni inú wọn ò dùn jù sí ètò tí wọ́n fi wọ́n sí, torí pé lójú tiwọn, ọjọ́ ń lọ, nǹkan ò sì yá. Ẹni tó ń ṣe é dáadáa gan-an ló ń rò pé òun ò ṣe nǹkan kan. Ẹ rántí èyí lọ́jọ́ tó bá ń ṣe yín bíi kẹ́ ẹ ju gìtá sílẹ̀.

Ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, mo gbé gìtá mi jáde lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Lọ́tẹ̀ yìí, mo bá ara mi kọ àdéhùn. Àdéhùn tí kò ní ọjọ́, tí kò ní aago, tí kò ní ibi, ẹnu lásán ni. Mo kọ ọ́ báyìí: ìṣẹ́jú 20, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, aago mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀, lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo kan ìṣó mọ́ ògiri, mo fi gìtá kọ́ síbẹ̀, mo sì ju àpò rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ má fojú kéré ìṣó yẹn o. Gìtá tó wà nínú àpò, tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ti jìnnà sí ọwọ́ lójú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Èyí tó wà lára ògiri, ẹ ti dì í mú kẹ́ ẹ tó rántí pé oorun ń kùn yín.

Bí mo ṣe pín ìṣẹ́jú 20 náà nìyí. Ẹ lè yí i padà bó bá ṣe bá yín lára mu, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é láìpín in.

Ìṣẹ́jú 2 àkọ́kọ́, mo ń tún ohùn okùn ṣe. Okùn mẹ́fà ló wà lórí gìtá. Láti orí èyí tó nípọn jù dé orí èyí tó tínrín jù, orúkọ wọn ni E, A, D, G, B, E. Áàpù ọ̀fẹ́ wà lórí fóònù tó máa sọ fún yín bóyá okùn kan ti lọ sókè jù tàbí ó ti rọ̀ jù. Ẹ má fo èyí. Ẹni tó bá ń dánra wò lórí gìtá tí ohùn rẹ̀ ti yẹ̀, etí ara rẹ̀ ló ń bà jẹ́. Lásìkò ọyẹ́ níbí, tí gbogbo igi ń gbẹ, ohùn gìtá lè yẹ̀ láàárín òru kan ṣoṣo.

Ìṣẹ́jú 4 tó tẹ̀ lé e, ìrìn ìka ni. Ìka mẹ́rin ọwọ́ òsì, láti orí èyí tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò títí dé ọmọńdinrín, á máa tẹ okùn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó dábùú ọrùn gìtá. Ẹ̀yìn irin náà gẹ́lẹ́ ni kí ìka tẹ̀, kó súnmọ́ ọn, kó má gun orí rẹ̀. Tí ẹ bá jìnnà sí i, okùn á máa kùn bí oyin, ẹ̀yin náà á sì máa lo agbára ju bó ṣe yẹ lọ. Mo máa ń tan metronome lórí fóònù mi, nǹkan tó máa ń ró kò, kò, kò bí aago ara ògiri, mo sì fi í sí 60 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó lọ́ra, àbí? Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ohun tí ẹ ò bá lè ta ní 60 láìṣìṣe, ẹ ò lè ta á ní 100. Ariwo lẹ máa pa.

Ìṣẹ́jú 6 mìíràn, kọ́ọ̀dù méjì péré. Kọ́ọ̀dù ni kí ìka mélòó kan tẹ okùn pa pọ̀ kí ohùn wọn jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú E minor, tó jẹ́ ìka méjì péré ló ń tẹ̀ ẹ́, àti A minor, tó jẹ́ ìka mẹ́ta. Nígbà tó yá, mo fi D kún un, lẹ́yìn náà G àti C. F ní tirẹ̀ le, torí pé bí wọ́n ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ ní kíkún, ìka kan ṣoṣo ló máa dùbúlẹ̀ lórí gbogbo okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi í dẹ́rù bà yín lóṣù àkọ́kọ́. Mo máa ń fi aago fóònù sí ìṣẹ́jú kan, màá ka iye ìgbà tí mo lè ti orí kọ́ọ̀dù kan bọ́ sórí èkejì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, 9 ni. Mo kọ ọ́ sínú ìwé. Nígbà tí oṣù kan pé, 31. Kò sẹ́ni tó ní láti wí fún mi pé mo ń tẹ̀ síwájú. Ó wà lákọsílẹ̀, èmi ni mo sì fọwọ́ ara mi kọ ọ́.

Ìṣẹ́jú 6 tó tún tẹ̀ lé e, orin kan ṣoṣo. Kì í ṣe orin márùn-ún. Àṣìṣe tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣe ni pé gbogbo ìgbà la máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Tá a bá dé ibi tó le, a ó ṣubú, a ó tún sáré padà síbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ó ṣe mọ ìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni mowó, tí àárín orin á sì máa yọ wá lẹ́nu títí. Ibi tí ẹ ti ń ṣubú gan-an ni kẹ́ ẹ lọ jókòó sí. Ẹ mú ìlà kan yẹn, ẹ ta á jẹ́jẹ́, ẹ tún un ta, títí tó fi máa dúró. Ẹ̀yìn náà lẹ máa tó so ó pọ̀ mọ́ èyí tó ṣáájú rẹ̀. Wàláà nìyẹn: a kì í fọ̀ ọ́ kó tó mọ́ni lórí.

Ìṣẹ́jú 2 ìkẹyìn, ẹ ṣe ohun tó bá wù yín. Ẹ ta orin tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ tàkìtì lórí okùn tó bá wù yín. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ kúrò lórí gìtá nígbà tí inú ṣì ń dùn, kó lè máa wù yín láti padà wá lọ́la.

Orí ìka á dùn yín fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kò sí ọgbọ́n tá a lè dá sí i. Awọ ibẹ̀ á le, ìrora á sì lọ. Ẹni tó ń fi wákàtí mẹ́rin ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, awọ tirẹ̀ á bó kó tó ráyè le. Tí ẹ kò bá tíì ra gìtá, olókùn nylon rọ̀ ju olókùn irin lọ fún ìka tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọrùn ọwọ́ ló ń ro yín, ẹ dúró, ẹ sinmi, kẹ́ ẹ tún bí ẹ ṣe ń dì í mú wò. Ìyẹn kì í ṣe ìrora tá à ń fara dà.

Ọjọ́ tí ẹ bá pa jẹ ńkọ́? Ẹ máa pa á jẹ. Ayẹyẹ á wà, àìsàn á wà, ìrìn àjò á wà. Èmi náà pa ọjọ́ púpọ̀ jẹ láàárín oṣù mẹ́jọ yìí. Òfin tí mo fi lélẹ̀ ni pé mi ò ní san gbèsè. Tí mo bá pa Túsìdé jẹ, ìṣẹ́jú 20 náà ni màá ṣe ní Wẹ́sìdé, kò ní di 40. Ẹni tó bá ń san gbèsè ìdánrawò, gbèsè yẹn á pọ̀ títí táá fi sá fún gìtá bí ẹni ń sá fún ayánilówó. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń ṣọ́ra fún ni pé kí n má pa ọjọ́ méjì jẹ tẹ̀ léra wọn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, "Kí n máa ta nǹkan kan náà lójoojúmọ́, kò ní sú mi?" Ẹ lọ tẹ́tí sí jùjú. Láti àwọn ọdún 1930 tí Túndé King ti ń kọ jùjú l'Ékòó ni okùn ti wà nínú orin náà, ní 1949 ni Àyìndé Bákàrè sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo gìtá tó ń fi iná sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá fetí sí ẹgbẹ́ King Sunny Adé dáadáa, ẹ ó gbọ́ pé gìtá tó wà níbẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Olúkúlùkù mú gbólóhùn kúkúrú kan, ó ń tún un ta, ó ń tún un ta, ti ẹnì kan á wá máa bọ́ sáàárín ti ẹnì kejì. Ẹni tó lè ta gbólóhùn kékeré yẹn fún ogún ìṣẹ́jú láìyẹsẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ọ̀gá. Inú ẹgbẹ́ yẹn ni Démọ́lá Adépọ̀jù ti ń ta pedal steel, gìtá tí wọ́n máa ń tẹ́ sílẹ̀ ta, kí ọwọ́ rẹ̀ tó dé inú àwo Graceland tí Paul Simon ará Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1986. Nítorí náà, nǹkan kékeré tí ẹ ń tún ta láàárọ̀ yẹn kì í ṣe ohun tó ṣáájú orin. Orin náà gan-an ni.

Àwọn mìíràn á fi òwe bá mi jà: ọmọ tó máa jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń jẹnu ṣámúṣámú. Wọ́n á ní ẹni tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún bíi tèmi, kí ló ń wá lẹ́nu okùn gìtá? Mo gbà pé ọmọdé máa ń tètè mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wo Fàtàí Rolling Dollar, ẹni tí Ebenezer Obey ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ kó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1964. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà tí òkìkí rẹ̀ tún kàn padà láwọn ọdún 2000, ó sì ń ṣeré títí di ìgbà tó kù díẹ̀ kó dágbére fáyé ní 2013. Òótọ́ ni pé láti ìgbà èwe lòun ti bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ìka arúgbó yẹn ò bá a jiyàn ọjọ́ orí. Ìka kì í béèrè pé ọmọ ọdún mélòó ni yín. Ohun tó ń béèrè ni pé ṣé ẹ lò mí lánàá.

Ní ti iná, gìtá onígi kò nílò iná ìjọba. Tí wọ́n bá múná lọ, ẹ ta á nínú òkùnkùn. Ó tiẹ̀ dáa kí ìka mọ̀nà láìjẹ́ pé ojú ń ṣọ́ ọ. Ní ti aráalé, ìṣẹ́jú 20 kò lè lé ayálégbé kankan jáde. Ní ti ẹ̀sìn, mo mọ̀ pé àwọn àáfáà kan wà nílùú yìí tí wọn ò fara mọ́ ohun èlò orin. Mi ò bá wọn jà, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni ṣe ohun tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò gbà á láyè. Ẹni tí gìtá ò bá bá lára mu, kó fi ètò yìí kọ́ ìránṣọ, kó fi kọ́ kọ̀ǹpútà, kó fi kọ́ èdè Faransé. Iṣẹ́ kan náà ló máa jẹ́ fún un.

Àwọn tí mo fẹ́ bá wí jù ni àwọn tó ń gbowó kọ́ni. Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tó bá san owó fún yín, ẹ kọ ètò ọ̀sẹ̀ kan fún un sínú ìwé kó tó kúrò níwájú yín: ohun tó máa ṣe, ìṣẹ́jú tó máa fi ṣe é, ibi tó yẹ kó dé kẹ́ ẹ tó tún ríra. Tó bá padà wá, ìwé yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Tí ẹ kò bá fún un ní ètò, ẹ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ fún un pé kò lẹ́bùn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn lè ba ogún ọdún jẹ́ lọ́wọ́ ọmọ èèyàn. Ó fẹ́ẹ̀ ba tèmi jẹ́.

Ẹ̀yin òbí náà, kí ẹ tó ta gìtá ọmọ, ẹ bi í léèrè ọjọ́ tó fi ń ta á, kì í ṣe wákàtí. Mo lọ bá màmá ọmọkùnrin inú ọgbà wa. Mo kí i tán, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún wa ní oṣù méjì, pé ìṣẹ́jú 20 kò lè pa ìwé ọmọ lára, bẹ́ẹ̀ wákàtí mẹ́rin Sátidé yẹn ló ń jẹ àkókò tó yẹ kó fi kàwé. Ó wò mí, ó ní, "Lọ́yà, ẹ̀yin náà tí mò ń gbọ́ láàárọ̀ yìí, ṣé ẹ ti mọ̀ ọ́n ta ni?" Mo ní, "Rárá o, mà." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun gbà, àmọ́ oṣù méjì ni o, òun ò ní fi ọjọ́ kan kún un. Ọ̀sẹ̀ kẹta la wà báyìí. Ọmọ náà ra ìwé kékeré kan, ó ń kọ iye kọ́ọ̀dù tó yí padà síbẹ̀. Lọ́sẹ̀ yìí, ó dé 22. Gìtá náà ṣì wà nílé.

Òótọ́ ni mo sọ fún màmá yẹn. Mi ò tíì mọ gìtá ta. Mo mọ orin mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn ṣì máa ń fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lágbedeméjì. Bí mo bá pàdé olùkọ́ mi ìjọ́sí lónìí, bóyá ló máa gbóríyìn fún mi. Ṣùgbọ́n àárọ̀ yìí, ní aago mẹ́fà àbọ̀, mo gbé e kúrò lára ìṣó, mo sì ṣe ìṣẹ́jú 20 mi pé. Ẹ̀yin tí gìtá yín wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ lọ kan ìṣó tiyín. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ lẹ́bùn, ẹ padà wá bi mí lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Títí dìgbà náà, ìbéèrè Àáfáà ni kẹ́ ẹ máa bi ara yín: ṣé mo wá lónìí?